Òkun Èṣí Kọ́ Ni Òkun Ọdún Yìí

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje ọdọọdún, àwọn ará ìlú Elmina ní etíkun Gánà a máa ṣe ọdún kan tí a ń pè ní Bakatue. Ọba ìlú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ a wọ aṣọ oyè, wọn a gbéra lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà Benya, níbi tí a ó gbé ju àwọ̀n sínú omi lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí a bá ti ṣe èyí tán, àkókò ẹja pípa ọdún náà ṣí nìyẹn. Àwọn baba ńlá tí ó dá ọjọ́ náà sílẹ̀ kò ní ohun èlò tí a fi ń wọn ooru omi, wọn kò sì ní ìwé kankan nípa ìṣàn òkun. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yàn kò ṣìnà. Ní nǹkan bí oṣù Keje ni omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá sí etíkun Gánà àti ti Côte d'Ivoire, tí ẹja sáwá a sì tẹ̀ lé e wá ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́.

Ọjọ́ ọdún kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n òkun kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Lọ́dún kan, ọkọ̀ apẹja a kún dé ẹnu, ẹja a pọ̀ débi pé àwọn obìnrin tí ń yan án kò ní rí igi ìdáná tó. Lọ́dún kejì, àwọn ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ kan náà àti àwọ̀n kan náà, a lọ, wọn a sì mú ìwọ̀nba ẹja tí kò tó owó epo ẹ̀rọ ọkọ̀ padà bọ̀. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹlẹ́bi ni a máa ń kọ́kọ́ wá. Apẹja a di ẹ̀bi ru àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń fi àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ òkun. Ìjọba a di í ru apẹja tí ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà etíkun a ní a ti ṣẹ ẹni tí ó ni òkun. Ẹ̀sùn méjì ìṣáájú kì í ṣe ẹ̀sùn èké, nítorí ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀ràn náà dájúdájú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan wà tí a kì í sábà pè wá síwájú adájọ́: omi òkun fúnra rẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí etíkun nìkan. Láti Dakar títí dé Douala, ẹja ni ẹran tí ọwọ́ tálákà lè tó. Ẹja tí a pa lónìí ní òkun, tí a yan ní alẹ́, yóò wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọjà àwọn ìlú tí kò gbúròó ìgbì òkun rí. Bí omi etíkun bá yí padà, ìyá tí ń se ọbẹ̀ ní àárín ilẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí omi náà láti ọdún dé ọdún.

Pẹpẹ tí ó wà lábẹ́ omi

Òkun kò jìn lẹ́sẹ̀ kan náà láti etí ilẹ̀. Láti etíkun, ilẹ̀ abẹ́ omi a máa rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí orí pẹpẹ, títí omi yóò fi jìn tó bíi 100 sí 200 mítà. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ yóò já wàlàwàlà sínú ibú. Ní Ìyawọ̀ Òkun Guinea, pẹpẹ yìí kò fẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi kò tó 100 kìlómítà. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹja tí àwọn apẹja ìbílẹ̀ ń pa ti ń jáde. Orí rẹ̀ náà ni omi méjì tí kò jọra ti ń pàdé: omi odò tí ń ti inú ilẹ̀ wá, àti omi ibú tí ń ti òkun ńlá wá. Èyí tí ó bá borí nínú àwọn méjèèjì lọ́dún kan ni yóò pinnu irú ẹja tí àwọ̀n yóò kó.

Ohun kẹta tún wà, èyí ni ìṣàn omi. Ẹni tí ó bá dúró létíkun yóò rò pé ìgbì tí ń lù lé ilẹ̀ nìkan ni ìrìn tí òkun ń rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òkun, omi ńlá kan ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ó ń gba iwájú Làìbéríà, ó ń kọjá orí ilẹ̀ Palmas, ó ń gba iwájú Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Benin, títí dé iwájú Nàìjíríà. Ìṣàn Guinea ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lábẹ́ rẹ̀, omi mìíràn wà tí ń ṣàn padà sí ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni pé ọ̀nà méjì ni a là ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ kí àlọ má ṣe dí àbọ̀ lọ́wọ́. Ní àárín ọdún, nígbà tí ẹ̀fúùfù òjò bá ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni ìṣàn Guinea máa ń lágbára jù. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lọ́dún kan kì í ṣe agbára rẹ̀ lọ́dún kejì.

Bí omi tútù ṣe ń gòkè

Láti bí oṣù Keje títí dé oṣù Kẹsàn-án, omi ojú òkun tí í máa gbóná tó 27 tàbí 28°C a lọ sílẹ̀ ju 25°C lọ ní etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà, pàápàá ní ìlà oòrùn àwọn orí ilẹ̀ méjì tí ó yọ sínú òkun, èyí ni Palmas àti Three Points. Ìgbà kékeré kan tún wà, ní bí oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, tí omi tútù máa ń yọjú fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó padà. Ẹni tí ó bá wẹ̀ ní òkun ní Tema tàbí ní Abidjan nínú oṣù Kẹjọ yóò fi ara rẹ̀ jẹ́rìí.

Ìdí tí èyí fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ayé ń yí, ìyípo rẹ̀ sì ń mú kí omi tí ń rìn ní apá àríwá ayé máa yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire tẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá ń ti omi lọ sí ìlà oòrùn lẹ́bàá ilẹ̀ náà, ọwọ́ ọ̀tún omi ni gúúsù, ibẹ̀ sì ni agbami wà. Omi ojú òkun a wá máa kúrò ní etíkun, kò sì sí omi mìíràn lórí ilẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò gòkè wá dí àlàfo náà. Ìṣàn Guinea pẹ̀lú ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: bí ó bá ti ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù abẹ́ rẹ̀ ń gòkè sí i ní ìhà etíkun.

Omi ìsàlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹja gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ ti ṣe pàtàkì fún oko. Ohun gbogbo tí ó bá kú nínú òkun a máa rì lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Ọ̀rá ilẹ̀ òkun wà nísàlẹ̀ nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì wà lókè. Ewéko tín-ń-tín tí ń léfòó nínú òkun kò sì lè hù àfi kí ó rí méjèèjì. Nígbà tí omi tútù bá gòkè, ọ̀rá àti ìmọ́lẹ̀ pàdé. Ewéko wẹ́wẹ́ a hù, àwọn kòkòrò omi a jẹ ẹ́, sáwá a sì wá jẹ ewéko àti kòkòrò náà pọ̀. Lẹ́yìn sáwá ni àwọn ẹja ńlá, lẹ́yìn àwọn ẹja ńlá ni ènìyàn. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá já, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí ó wá ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ẹ̀fúùfù etíkun nìkan kò tó láti ṣàlàyé bí omi ti ń tutù tó. Ìwádìí fi hàn pé ìròyìn kan tún máa ń ti òkèèrè wá. Nígbà tí agbára ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ lórí òkun níhà Bràsíìlì bá yí padà, omi tí ó wà ní ìlà àárín ayé a gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́, ìgbọ̀nrìrì náà a sì máa rìn lọ sí ìlà oòrùn la òkun kọjá. Bí ó bá kan ilẹ̀ Áfíríkà, a pín sí méjì: apá kan a lọ sí gúúsù níhà Kóńgò, apá kejì a gba etíkun Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà kọjá lọ sí Gánà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí ẹ̀fúùfù dá sílẹ̀ ní òdìkejì òkun ti dé inú àwọ̀n apẹja níhìn-ín. Kò sí ìgbì tí ojú lè rí, kò sì sí ariwo. Omi tútù ni yóò kàn súnmọ́ òkè sí i tàbí kí ó jìnnà sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní etíkun mọ ẹni tí ó rán an.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀

Nínú kílò kan omi òkun ńlá, iyọ̀ a máa tó bíi gíráàmù 35. Ìwọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ibi tí omi ti wá, bí a ti í fi ilà ojú mọ ìdílé ènìyàn. Omi tútù tí ó gòkè láti ibú a máa ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, òjò tàbí odò ni ó dà á pọ̀.

Ní ìhà ìlà oòrùn Ìyawọ̀ Òkun Guinea, omi àìníyọ̀ kì í ṣe díẹ̀. Odò Ọya rìn tó bíi 4,180 kìlómítà láti àwọn òkè Guinea kí ó tó tú sínú òkun ní gúúsù Nàìjíríà, omi Bẹ́núé sì wà nínú rẹ̀. Odò Sanaga ń tú síbẹ̀ láti Kamẹrúùnù. Odò Kóńgò, tí odò Amazon nìkan ni ó jù ú lọ láyé nínú iye omi tí ń tú sínú òkun, kò jìnnà sí gúúsù. Lẹ́yìn èyí ni òjò fúnra rẹ̀: ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè Kamẹrúùnù, òjò a máa rọ̀ tó bíi 10,000 mìlímítà lọ́dún, èyí tí ó ju ìlọ́po márùn-ún ti Èkó lọ. Nítorí náà, omi ojú òkun níwájú gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù a máa gbóná, iyọ̀ rẹ̀ a sì dín ju ti Gánà lọ.

Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ fúyẹ́ ju èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ. Ó máa ń dúró lókè, bí epo pupa ti í dúró lórí omi nínú ìkòkò. Ìyàtọ̀ ni pé ìgbì àti ẹ̀fúùfù yóò pò ó pọ̀ níkẹyìn. Kí wọ́n tó pò ó pọ̀, ó ti di ọmọrí tí ó bo òkun. Omi tútù ìsàlẹ̀ kò lè gba inú ọmọrí náà kọjá ní ìrọ̀rùn, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì lè dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí omi tútù oṣù Kẹjọ kò fi hàn gbangba ní etíkun gúúsù Nàìjíríà bí ó ti ń hàn ní Gánà. Ẹja náà sì yàtọ̀. Sáwá fẹ́ omi tútù oníyọ̀. Bọ́ńgà fẹ́ ẹnu odò àti omi tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, òun ni ó sì gbajúmọ̀ níwájú Nàìjíríà. Edé pupa ńlá a yé ẹyin rẹ̀ sínú òkun, ṣùgbọ́n inú ọ̀sà àti ẹnu odò ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kí wọ́n tó padà sí òkun.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òkun tí odò ń tú sí pẹ̀lú kò lè gbàgbé orísun odò náà. Bí òjò bá kọ̀ ní Guinea àti ní Mali, bí ó ti kọ̀ ní ọ̀dá 1972 àti 1973, àti ní 1983 àti 1984, omi Odò Ọya a fà, ọmọrí orí òkun a sì fẹ́lẹ́. Bí ìkún omi bá wá pọ̀, bí irú èyí tí ó ba ilé àti oko jẹ́ káàkiri Nàìjíríà ní 2012 àti ní 2022, omi odò a ya wọ òkun ju bí ó ti yẹ lọ. Ìkún omi tí a fi gbogbo ẹnu sọ nígbà tí ó wà lórí ilẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá ti wọ òkun. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀sà Èkó ń fi irú ìyípadà yìí hàn ní kékeré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọ̀nà èbúté wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Nígbà òjò, omi odò Ògùn, ti Ọ̀ṣun àti ti àwọn odò kéékèèké a ti iyọ̀ náà padà sẹ́yìn, tí ẹni tí ó bá tọ́ omi wò ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà kò fi ní rí iyọ̀ kankan níbẹ̀. Hill àti Webb kọ̀wé nípa ẹ̀dá inú ọ̀sà yìí ní 1958. Lẹ́yìn wọn ni a tún ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí í máa lẹ̀ mọ́ òpó èbúté: wọn a pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé tí iyọ̀ dín kù, ọ̀pọ̀ wọn a kú. Kò sí ẹni tí ó pa wọ́n. Omi wọn ni ó yí padà.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1972

Ọdún kan wà tí gbogbo ohun tí a ti sọ wọ̀nyí pàdé. Ní 1972, sáwá tí a pa ní Gánà àti Côte d'Ivoire pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ayọ̀ kún etíkun. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ wá ọkọ̀, ẹni tí ó ní ọ̀kan wá èkejì. Àwọn tí ó wo ọjà rò pé ọrọ̀ tuntun ni òkun gbé jáde. Ní 1973, ẹja náà já wálẹ̀ lójijì, ó sì fẹ́rẹ̀ má sí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ilé tí a fi owó 1972 bẹ̀rẹ̀ dúró lórí ìpìlẹ̀. Gbèsè tí a fi ra ẹ̀rọ ọkọ̀ kò dúró.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Abidjan àti Tema jókòó láti yẹ ọ̀ràn náà wò, ohun méjì ni wọ́n rí. Èkínní ni ti omi. 1972 jẹ́ ọdún ọ̀dá. Òjò kò pọ̀, odò kò tú omi púpọ̀, iyọ̀ etíkun sì ga. Sáwá tí ó fẹ́ omi oníyọ̀ kò dúró ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ tí ó jìnnà mọ́. Ó súnmọ́ ilẹ̀, ó ṣù jọ sí ibi tí àwọ̀n ti lè dé. Ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó kàn rọrùn láti pa ni. Èkejì ni ti ènìyàn. Àwọ̀n kó ẹja ńlá, ó kó kékeré, ó kó àwọn tí ìbá yé ẹyin fún ọdún tí ń bọ̀. Òkun ṣí ilẹ̀kùn àká, ènìyàn sì wọlé kó irúgbìn pẹ̀lú oúnjẹ.

Nínú ìtàn yìí ni a ti rí i pé àríyànjiyàn bóyá òkun ni ó jẹ̀bi tàbí apẹja kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òkun ń pinnu ibi tí ẹja yóò wà; ènìyàn ń pinnu iye tí yóò ṣẹ́kù. Nínú àwọn ọdún tí sáwá fi wọ́n, ẹja mìíràn tí awọ rẹ̀ le, tí ó ní ẹ̀gún lẹ́yìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Balistes, pọ̀ sí i lọ́nà ìyanu ní etíkun Gánà. Nínú àwọn ọdún 1980, sáwá padà wá ní ọ̀pọ̀ yanturu. Kí àwọn ọdún náà tó parí, Balistes ti pòórá bí ó ti dé. Láti àwọn ọdún 1990 wá, sáwá tí àwọn apẹja Gánà ń pa ti tún dín kù gidigidi. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọkọ̀ ti pọ̀ ju ti 1972 lọ, ẹ̀rọ wọn sì lágbára jù, tí ó fi jẹ́ pé bí òkun bá tilẹ̀ fẹ́ da ẹja padà, ó lè má rí èyí tí yóò fi ṣe irúgbìn.

Nígbà tí òkun kò tutù

Ní ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi tútù a kọ̀, kò ní gòkè bí ó ti yẹ. Ẹ̀fúùfù ìlà àárín ayé a rọ̀, omi gbígbóná a sì dúró sí etíkun Áfíríkà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1968 àti ní 1984. Ti 2021 sì wà lára èyí tí ó le jù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe apẹja nìkan ni ọ̀ràn kàn. Ooru omi a máa fa òjò mọ́ra. Òjò tí ìbá lọ sí àríwá a dúró rọ̀ sí etíkun, ilẹ̀ Sahel a sì wà nínú òùngbẹ. Ní 1968, òjò pọ̀ ní etíkun, ó sì wọ́n ní Sahel. Ní 1984, ọ̀dá líle pa màlúù, ó sì lé ènìyàn kúrò nílé káàkiri Sahel. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀ràn náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí àwọn òkun mìíràn láyé ń dá sí i. Síbẹ̀, a ti mọ̀ dájú pé ìdáwọ́dúró òjò inú oṣù Kẹjọ, tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù ń retí láti kórè àgbàdo, kò ṣàì ní í ṣe pẹ̀lú omi tútù tí ó wà létíkun. Darandaran ní Niger àti apẹja ní Elmina kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́kàn lé.

Ẹni tí kò wọn omi kò lè mọ̀ ọ́n

Iṣẹ́ láti mọ òkun yìí kì í ṣe tòní. Alan Longhurst, tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹja pípa ní Èkó, tẹ ìwé jáde ní 1962 nípa ohun tí a mọ̀ nígbà náà nípa Ìyawọ̀ Òkun Guinea. Ní 1963 àti 1964, àwọn ọkọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wọn omi òkun àárín ayé nínú iṣẹ́ tí a pè ní Equalant. Ní ọdún méjèèjì náà, ọkọ̀ méjì tún fi àwọ̀n yẹ pẹpẹ òkun wò láti ẹ̀gbẹ́ Senegal títí dé Kóńgò, lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun sílẹ̀ ní Èkó. Láti 1997, Faransé, Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà ti pawọ́ pọ̀ so àwọn ohun èlò mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ní àárín Àtìláńtíìkì; wọ́n ń léfòó níbẹ̀ tọ̀sán tòru, wọ́n ń wọn ooru, iyọ̀ àti ẹ̀fúùfù. Láti 2009 ni a sì ti ń wọn iyọ̀ ojú òkun láti òfúrufú pẹ̀lú sátẹ́láìtì.

Àbùkù kan ṣẹ́kù. Sátẹ́láìtì ń rí iyọ̀ agbami dáadáa, ṣùgbọ́n ní ibi tí òkun ti súnmọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ a máa da ojú rẹ̀ rú. Àwọn ohun èlò tí ń léfòó náà wà ní àárín òkun, wọn kò sí lórí pẹpẹ. Nítorí náà, ibi tí ẹja pọ̀ sí jù, tí ènìyàn sì pọ̀ sí jù, ni ìmọ̀ ti kéré jù. Kò sí ohun tí ó lè dí àlàfo yìí bí kò ṣe kí ẹnì kan bọ ohun èlò sínú omi etíkun, ní ibi kan náà, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò wọ́n, kò sì ní ariwo. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún kan, tí a sì ń pa á tì lọ́dún kẹta. Àkọsílẹ̀ ọdún méjì kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ohun tí ó rí jẹ́ ìṣe òkun tàbí ìyípadà tí ó wá dúró.

Ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ó yẹ ní àfiyèsí ní 2019, nígbà tí ó ní kí àwọn apẹja ìbílẹ̀ kó ọkọ̀ wọn sílẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin. Àwọn apẹja kùn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti kùn, nítorí ebi kì í gba ìsinmi. Ìbéèrè tí wọ́n béèrè nípa ọjọ́ tí a yàn jẹ́ ìbéèrè rere: ṣé àkókò náà bá ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin mu? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀ láti inú ìwé òfin. Bí omi tútù bá tètè dé lọ́dún kan, ẹja yóò tètè yé ẹyin. Bí ó bá pẹ́, ẹja yóò pẹ́. Òfin tí ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo fún òkun tí kì í ní ọjọ́ kan ṣoṣo yóò máa ṣe déédéé lọ́dún kan, yóò sì máa tàsé lọ́dún kejì. Ẹni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ omi lọ́wọ́ nìkan ni ó lè sún ọjọ́ náà síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ han apẹja tí a ní kí ó fi ebi pa ara rẹ̀.

Ìṣàn Guinea kò mọ ààlà. Omi tí ó kọjá ní iwájú Abidjan yóò kọjá ní iwájú Accra, Lomé àti Cotonou kí ó tó dé Èkó; ẹja tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní ìwé ìrìnnà. Orílẹ̀-èdè kan tí ó dáàbò bo ọmọ ẹja ní iwájú ilẹ̀ tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń kó wọn, a jẹ́ pé ó ń sin adìyẹ fún àṣá. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ iyọ̀ àti ooru omi fi yẹ kí ó jẹ́ ohun àpapọ̀, tí a ó máa fi ránṣẹ́ sí ara ẹni láti èbúté dé èbúté bí a ti ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ òfúrufú.

Àwọn baba ńlá Elmina mọ oṣù tí òkun ń ṣí. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n ń wo omi náà láìsinmi, baba ń wò ó, ọmọ ń wò ó, títí ohun tí wọ́n rí fi di ọdún tí a ń jó sí. Omi tí a ń wò lónìí gbóná ju tiwọn lọ, ọkọ̀ orí rẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ, odò tí ń tú sínú rẹ̀ sì ti gba inú ìsédò ńlá bí Akosombo àti Kainji kọjá. Ìmọ̀ wọn nìkan kò lè tó mọ́, ṣùgbọ́n ìṣe wọn ṣì tó: kí a máa wo omi lójoojúmọ́, kí ọdún burúkú má ṣe bá wa lójijì, kí ọdún rere má sì ṣe tàn wá jẹ.